Ẹ̀yà Tí Kì í Pariwo

Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló wà. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. A máa ń fi í bá ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀ wí, a sì máa ń fi í kìlọ̀ fún ẹni tí ará ilé ń ṣe níkà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó, ẹ gba alùpùpù ògbólógbòó kan tọ́jú fún ọdún kan péré.

Èyí tí mo ń wí ni Honda CG125 tí bàbá mi rà ní 1994, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n ń gùn lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Òun náà ni wọ́n fi ń ru kòkó bọ̀ láti oko lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, owó kòkó náà ló sì gbé mi dé yunifásítì. Nọ́ńbà márùn-ún ló wà lójú mítà rẹ̀. Ó kà á títí ó fi dé 99,999, ó sì padà sí òdo bí ọmọ tuntun. Láti ìgbà náà ó tún ti rìn ju 30,000 kìlómítà lọ. Ẹni tí ó bá wo mítà nìkan yóò rò pé ọmọdé ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ kò ní béèrè ọjọ́ orí.

Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni ilé wa, ìlú tí òkè yí ká. Bí a bá ń lọ sí oko, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Bí a bá ń bọ̀, ìgòkè ni. Bàbá mi a máa wà á, ìyá mi a sì jókòó sẹ́yìn wọn pẹ̀lú agbọ̀n lórí ẹsẹ̀.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, bàbá mi pè mí, wọ́n ní: "Àkànní, ẹ́ńjìnnì yìí ti ń dójú tì mí. Nítorí èéfín rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bá mi tún inú rẹ̀ ṣe."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí èéfín alùpùpù bá dúdú, epo bẹntiróòlù ló pọ̀ jù. Bí ó bá rí bí omi aró, bí tiwa yìí, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jó, nítorí pé àwọn ríǹgì tí ó yí písítìn ká ti jẹ, ọ́ìlì sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn gòkè. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a gbẹ́ inú sílíńdà kí ó fẹ̀ sí i díẹ̀, mílímítà 0.25 lákọ̀ọ́kọ́, kí a sì fi písítìn àti ríǹgì tí ó bá a mu sí i. Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára mẹkáníìkì abẹ́ igi, nítorí pé láti 1976 tí Honda ti gbé irú alùpùpù yìí jáde, ọ̀pá irin lásán ni wọ́n fi ń ti àwọn fáàfù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi kò lè ṣe iṣẹ́ méjì. Nítorí náà, kí n tó ná kọ́bọ̀, mo yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn tí ó ṣe é fi ọfà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ bíréèkì. Bí a bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, tí ọfà náà bá bá àmì ara irin pàdé, bíréèkì ṣúù inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ọfà ti ẹ̀yìn ti kọjá àmì.

Mo ṣí páànù tí wọ́n fi bo ṣéènì. Wọ́n bò ó kí eruku àti ẹrẹ̀ má baà dé ibẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kò bá rí, a kì í tètè rántí rẹ̀. Eyín irin tí ń fa táyà ẹ̀yìn, tí ó yẹ kí ó dúró ṣánṣán, ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìwọ̀ ìpẹja. Mo fa ṣéènì sẹ́yìn, ó sì ṣí kúrò lára eyín tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi gba àárín wọn kọjá. Ṣéènì tí ó bá ti rí báyìí lè já nígbàkígbà. Ó sì lè fò kúrò lórí eyín, kí ó há, kí táyà ẹ̀yìn sì dúró gbọn-in lórí ìsọ̀kalẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì tí ń pariwo, bí ó bá kú, orí ìgòkè ni yóò kú sí, àwọn òbí mi yóò sì fẹsẹ̀ rìn délé. Ṣùgbọ́n bíréèkì tí ó ti jẹ tán kò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Mo sọ fún bàbá mi pé bíréèkì àti ṣéènì ni n óò kọ́kọ́ pààrọ̀. Inú wọn kò dùn. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni yóò wá kọ́ mi ní ohun tí mo ti ń gùn kí a tó bí ọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá mi. Ẹ ṣáà bá mi wo irin yìí." Mo ti tú u sílẹ̀, mo gbé e fún ìyá mi. Ìyá mi fi ìka kan eyín rẹ̀, wọ́n wo ojú bàbá mi, wọn kò sì wí nǹkan kan. Bàbá mi gbà á, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní: "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín ńkọ́?" Mo ní ó di ẹ̀yìn ìkórè kòkó.

Ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà alùpùpù, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú mi: ojúlówó, ayédèrú, àti tòkunbọ̀. Ẹni tí mo ń ná ọjà lọ́dọ̀ rẹ̀ gbà mí níyànjú pé kí n ra ṣéènì nìkan, kí n sì fi owó yòókù sápò. Mo kọ̀. Eyín tí ó ti wọ́ yóò fa ṣéènì tuntun gùn kí ọjọ́ tó lọ títí; nítorí náà ni a ṣe ń pààrọ̀ ṣéènì, irin eléyín iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀. Ojúlówó ni mo rà, mo sì ra bíréèkì ṣúù ti iwájú àti ti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Owó tán.

Ẹ̀yin ará, èéfín ṣì ń rú o, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi ti rí i pé ẹni tí ń ké ni gbogbo wa máa ń sáré tọ̀, nínú ilé àti nínú ẹgbẹ́. Ìyá mi kì í ráhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo parí iṣẹ́ náà, mo jókòó tì wọ́n, mo sì béèrè bí ara wọn ti rí. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Mo tún béèrè. Nígbà kẹta ni wọ́n sọ fún mi pé ó ti tó oṣù mẹ́fà tí orúnkún òsì kò jẹ́ kí àwọn sùn.