Ta Ni Ó Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni?

Ọ̀rà Ìgbómìnà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Àìkú, ní ìrọ̀lẹ́.

Àjọkẹ́ mi,

Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ bí o ti ṣèlérí? Níbí, a dúpẹ́. Òjò ti rọ̀ dáadáa, ọ̀nà Ìlà ti tún di ẹrẹ̀ níbi tí o mọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n iṣu dára lọ́dún yìí. Èlùbọ́ rẹ wà nílẹ̀, mo ti sá a, mo ti lọ̀ ọ́, mo ń wá ẹni tí yóò bá mi gbé e dé Coventry ni.

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí kò kúrò lọ́kàn mi. O ní o tẹ orúkọ Taiwo Owatemi sórí ayélujára, ìyẹn obìnrin apòògùn tí ó ti ń ṣojú apá kan Coventry nílé aṣòfin yín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2019, o sì rí gbogbo ìbò tí ó ti dì: ti ilé ìwòsàn, ti ilé-ẹ̀kọ́, ti owó ìrànwọ́ fún aláìní, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó dì í àti ẹ̀gbẹ́ tí ó wà. O ní nílé aṣòfin ọ̀hún, ńṣe ni wọ́n ń dìde rìn gba ẹnu ọ̀nà méjì, àwọn tí ó gbà níbí, àwọn tí kò gbà lọ́hùn-ún, wọ́n á sì kọ orúkọ olúkúlùkù sílẹ̀. O wá bi mí pé, "Tiwa ńkọ́? Àwọn tí ń ṣojú Ọ̀rà l'Ábùjá, báwo ni wọ́n ṣe dìbò lórí ìlera àti ẹ̀kọ́?" Mo ní kí o fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù méjì rèé.

Àjọkẹ́, mo wá a. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń ka ìmọ̀ òfin jókòó tì mí, a jọ ń ṣí ìwé kan tẹ̀lé òmíràn lórí fóònù rẹ̀. Orí ẹni tí gbogbo wa mọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ọ̀rà gan-an, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Adéyẹyè. O rántí pé ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ni ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Duquesne ní Pittsburgh kí ó tó wálé wá ṣe òṣèlú. Ó wà nílé aṣojú-ṣòfin láti 2003 sí 2007, ó sì wà nílé aṣòfin àgbà láti 2011 sí 2019. Láti 2015, òun ni Chief Whip níbẹ̀, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ kí wọ́n lè wá dìbò. Mo rò ó pé bí a kò bá rí àkọsílẹ̀ ìbò ẹnikẹ́ni, a ó rí ti ẹni tí iṣẹ́ ìbò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A kò rí i. Ohun tí a rí ni pé àbádòfin báyìí wọlé, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ilé sì fọwọ́ sí i. Ohùn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ààrẹ ilé á ní kí àwọn tí ó gbà wí, wọ́n á pariwo. Á ní kí àwọn tí kò gbà wí, àwọn yẹn náà á pariwo. Òun á fetí wọn èyí tí ó pọ̀ jù, á lu òòlù, ọ̀rọ̀ parí. Ènìyàn 109 ni ó wà níbẹ̀. Ta ni ó lanu? Ta ni ó dákẹ́? Ta ni kò tilẹ̀ sí nínú ilé lọ́jọ́ náà? Òòlù kò ní èsì kankan fún wa.

Má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ aládùúgbò mi kan rọbí lóru. A gbé e dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní agbègbè yìí, n kò ní dárúkọ ibẹ̀ nítorí nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Nọ́ọ̀sì ní kí ọkọ ìyàwó lọ wá ìbọ̀wọ́ ọlọ́rọ́bà àti abẹ́rẹ́ rà wá, ní aago méjì òru, ní Ọ̀rà níbí! Ọ̀kadà ni ó gùn káàkiri tí ó ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí ń ta oògùn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyá yè, ọmọ yè, obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́, tí mo bá sì di ojú báyìí, mo ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn lára ògiri.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ka Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí bí ẹni ń ka ìwé ogún. Ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i ní oṣù Èrèlé 2014, Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ú ní òpin oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún tí ó bá wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ní ẹsẹ̀ kùkú. Òfin náà tilẹ̀ pín in: ìdajì fún ìtọ́jú tí aráàlú yóò rí gbà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àwọn ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, ìdá 15 fún ilé, irinṣẹ́ àti ọkọ̀, ìdá 10 fún òṣìṣẹ́, ìdá 5 fún pàjáwìrì. Àjọkẹ́, ìbọ̀wọ́ tí ọkọ ìyàwó ń sáré wá kiri lóru wà nínú òfin! Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2014!

Ètò ìṣúná 2015 dé, owó yẹn kò sí níbẹ̀. Ti 2016 dé, kò sí. Ti 2017 dé, kò sí. Ìgbà tí ó di 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bílíọ̀nù náírà 55 lé díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìṣúná kọjá níwájú àwọn tí wọ́n ṣe òfin náà láìsí ohun tí òfin wí, òòlù sì dún lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Adéyẹyè, ọmọ wa, wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe òfin, ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí kò sí owó, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí owó dé. Bí mo bá fẹ́ yìn ín, n kò rí ìwé tí n ó fà yọ. Bí mo bá fẹ́ bi í léèrè, n kò rí ìwé tí n ó fi bi í. Ohun tí ó dùn mí jù nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ó ti jà fún wa gan-an, kí a má sì lè dúpẹ́.

Nítorí o mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ń bẹ̀rù àti sọ̀rọ̀ síta. Ní 2006, nígbà ọ̀rọ̀ sáà kẹta Ọbásanjọ́, òun wà lára àwọn tí wọ́n dìde nílé aṣojú-ṣòfin tí wọ́n ní àwọn kò gbà, tí wọ́n sì sọ ọ́ níbi tí gbogbo ayé ti gbọ́. Àwa náà jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí AIT ń gbé àríyànjiyàn náà sáfẹ́fẹ́. A mọ ẹni tí ó wà lápá ibí, a mọ ẹni tí ó wà lápá ọ̀hún. Ní ọjọ́ 16 oṣù Èbìbí, ilé aṣòfin àgbà da ọ̀rọ̀ náà nù. Lójú tèmi, bí ó bá jẹ́ ìdákọ́ńkọ́ ni wọ́n ti ṣe é, ìbá máà rí bẹ́ẹ̀.

Ti ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀. Òfin UBE ti 2004, tí ó sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan, ya náírà méjì sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé tirẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó rí ti àpapọ̀ gbà. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ wo ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní Òṣogbo bí a ti ń wo Àbújá. Òfin tí ó ń dáàbò bo àwọn abirùn náà wà, oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019 ni wọ́n buwọ́ lù ú, ó fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún ti pé. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni ó là mí lójú sí nǹkan mìíràn. Mo ń ka gbogbo èyí fún un, ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí ó dé bá àwọn Awólọ́wọ̀ nítorí ilé-ìwé wa?" Ó wà lára àwọn ọmọ tí ó wọlé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955. Kí wọ́n tó lè ṣe é, àti ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, wọ́n ní kí olówó-orí san ṣílè mẹ́wàá àti sísì. Àwọn baba wa bínú. Ní ìbò ìjọba àpapọ̀ 1954, ẹgbẹ́ alátakò NCNC ni ó gba ìjókòó tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ ti ń ṣe ìjọba. Síbẹ̀ wọn kò yẹ̀ ẹ́. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Awólọ́wọ̀ àti Awókòyà tí ó jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ ni ó wà nídìí owó náà, wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò bú, lẹ́yìn náà wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O tún mọ bí ààlà ṣe rí níbí: Àràńdùn àti Òmù-Àrán bọ́ sí Àríwá, Ìgbómìnà kan náà, ẹbí kan náà. Àwọn ọmọ ìyá wa lọ́hùn-ún kò rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955. Ìbò tí wọ́n dì nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ni ó fi ìyàtọ̀ sáàárín ọmọ ilé méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún nígbà tí ó ń sọ ọ́, ó dárúkọ ìbátan wa kan tí ó mọ ìṣirò ju òun lọ, tí ó parí ayé rẹ̀ nídìí ọkọ́.

Wàyí o, má sọ ìrètí nù, èmi kò sọ ọ́ nù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí ohun kan tí ó mú mi dìde lórí ìjókòó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Agẹmọ 2021, ilé aṣòfin àgbà ń jiyàn lórí bóyá kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ ayélujára gbé èsì ìbò ránṣẹ́. Wọ́n fi ohùn ṣe é bí ìṣe wọn. Abaribe, tí ó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò pọ̀, dìde, ó ní kí wọ́n ka orúkọ. Òfin ilé fún un láyè, wọ́n sì kà á: 52 fara mọ́ pé kí àjọ elétò ìdìbò gba àṣẹ kí ó tó lò ó, 28 kò fara mọ́ ọn, 28 kò sí níjòókòó. Ní ọjọ́ kejì, orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé ìròyìn, títí kan àwọn tí kò wá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó dìde, Àjọkẹ́! Ọ̀nà náà ti wà tẹ́lẹ̀, kò gba òfin tuntun. Bí wọ́n bá lè ka orúkọ lórí èsì ìbò, wọ́n lè ka orúkọ lórí náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún tí í ṣe ti aboyún. Ohun tí a ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè nìyẹn. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀, mo ti bá àwọn obìnrin ọjà sọ̀rọ̀, a ó sì gbé e dé iwájú Kábíyèsí Akẹ̀sìn, ọba Ọ̀rà. Lẹ́yìn náà a ó kọ lẹ́tà mẹ́ta. Ọ̀kan yóò lọ sọ́dọ̀ Sẹ́nétọ̀ Olúbíyìí Fádèyí, ọmọ Ìlà tí wọ́n yàn ní 2023, ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣojú wa nílé aṣojú-ṣòfin, ọ̀kan sí Òṣogbo. Ohun kan náà ni a ó bẹ̀ wọ́n: bí ìṣúná ìlera àti ti ẹ̀kọ́ bá dé, ẹ dìde, ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ, kí tiyín ṣáájú.

Iṣẹ́ kan wà fún ọ. Jọ̀wọ́, tẹ àkọsílẹ̀ ìbò aṣòfin yín yẹn sórí ìwé, gbogbo ojú ewé rẹ̀, kí o fi rán ẹni tí ó bá ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì. Àwọn àgbà tí kò lo fóònù fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn dì í mú. Ẹni náà ni n ó gbé èlùbọ́ rẹ fún, ó kún àpò kan, mo sì ti fi ẹ̀gúsí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tí a bí lóru ọjọ́ yẹn ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ní kí n fún un ní oríkì, mo sì sọ ọ́ ní Àjọkẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀ní