Àwa Ọmọ Ilẹ̀ Pẹrẹsẹ àti Àwọn Tó Ń Fò Lórí Òkè

Ẹni tó bá ti gbé Choba fún sáà kan péré yóò ti mọ̀ pé kò sí òkè níbẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti Abuja Park títí dé etí odò New Calabar, àfi kí èèyàn dúró lórí afárá Choba kí ó tó lè wo nǹkan láti òkè. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í mọ ọ̀nà tí yóò gbà lọ. Ọ̀dọ̀ wa ni yóò dúró sí. Nítorí náà, bí a bá ní a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń fò kúrò lórí òkè, ẹ lè bi wá pé kí ló kan ọmọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ níbẹ̀. Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹgbẹ́ wa yóò rìnrìn-àjò ìgbafẹ́ lọ ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní Ìdànrè, àwọn kan ní Olúmọ. Ni ọ̀kan nínú wa bá yọ fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán hàn wá: èèyàn bíi tiwa, aláwọ̀ dúdú, tó ń fò lójú ọ̀run lábẹ́ aṣọ pupa, tí ilé àti ọ̀nà kéré bí ohun ìṣeré ọmọdé lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. A rò pé ìlú òyìnbó ni. Ó ní rárá o, Kwahu ni, ní Gáná níbí. Láti ọjọ́ náà ni ìpàdé wa ti pín sí méjì, àwọn tó fẹ́ fò àti àwọn tó ní ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún àwọn tó àwọn.

Oríṣi méjì ni fífò yìí. Èkíní ni hang gliding. Páìpù ni egungun rẹ̀, wọ́n á ta aṣọ líle lé e lórí bí ìyẹ́ àdán, ẹni tó ń fò yóò sì dojú bolẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, yóò di irin kan mú. Èkejì ni paragliding, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Kwahu. Òun kò ní egungun rárá. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ onípele méjì ni, tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá kéékèèké. Bí afẹ́fẹ́ bá gba iwájú wọnú àwọn yàrá wọ̀nyí, aṣọ á wú, á le, á di ìyẹ́. Okùn tín-ín-rín ló so ó mọ́ ìjókòó tí ẹni tó ń fò dè mọ́ra. Bí wọ́n bá ká gbogbo rẹ̀ tán, àpò kan tí èèyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn ló gbà á.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ńṣe ni wọ́n ń bẹ́ sílẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n á kọjú sí afẹ́fẹ́, wọ́n á fa aṣọ sókè títí yóò fi dúró lórí wọn, wọ́n á wá sáré sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè títí ilẹ̀ yóò fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì. Bí ìyẹ́ náà bá fi mítà kan wálẹ̀, yóò ti lọ síwájú ní nǹkan bíi mítà mẹ́jọ. Bí oòrùn bá sì ti mú àpáta gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè láti ibẹ̀. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á wọ inú rẹ̀, á máa yí po yí po, á sì máa lọ sókè. Ẹ ti rí àwòdì tó ń rá bàbà lójú ọ̀run rí láìju apá? Ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹyẹ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, èèyàn ló wá kọ́ ọ.

Ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Otto Lilienthal. Láti ọdún 1891 ló ti ń fi ìyẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn fò láti orí òkè. Nígbà tí kò rí òkè tó wù ú nítòsí ilé, ní ọdún 1894, ó ní kí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ jọ ní Lichterfelde lẹ́bàá Berlin, títí ó fi di òkè tó ga ní mítà 15. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Choba: ọmọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, ó mọ òkè tirẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 1896, afẹ́fẹ́ gbé ìyẹ́ rẹ̀ ṣubú, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ní ọdún 1978, ní Mieussy, abúlé kan ní àgbègbè òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Claude Bétemps àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti ń fi pàráṣúùtì bẹ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú rò ó pé owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n gun òkè, wọ́n fi pàráṣúùtì wọn sáré kúrò lórí rẹ̀. Àìlówó ló bí i! Ibẹ̀ ni paragliding ti tàn kálẹ̀ ayé.

Ọdún 2005 ló dé Kwahu. Orí òkè Odweanoma, lẹ́bàá Atibie, ni wọ́n ti ń gbéra lásìkò ọdún Àjíǹde, wọ́n á sì balẹ̀ sí pápá ní Nkawkaw nísàlẹ̀. Wọn kò ṣe é ní ọdún 2020 àti 2021 nítorí àrùn kòrónà, ó sì padà ní 2022. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí náà lè fò, nítorí àwọn awakọ̀ òfuurufú wọ̀nyí a máa gbé èrò: èrò á wà níwájú, ọ̀gá á wà lẹ́yìn, ọ̀gá ni yóò máa darí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni èrò ní, kó sáré, kó má sì jókòó kí ilẹ̀ tó tán.

Ìyá ọ̀kan nínú wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Màmá ní, "Ṣé ilé-ìwé ni mo rán ọ lọ ni, àbí orí òkè? Ẹni tí ò ní ìyẹ́, kí ló ń wá lójú ọ̀run?" Ọmọ ní, "Ẹ má bínú, Mà." Àwa tó wà nítòsí ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Màmá lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2007, ní Manilla ní ilẹ̀ Ọsirélíà, òjò líle fa obìnrin kan tó ń jẹ́ Ewa Wiśnierska wọnú ìkùukùu. Ó gbé e dé 9,946 mítà, ó ga ju òkè Everest lọ. Ó dákú fún ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, yìnyín bò ó, ó sì tún jí, ó balẹ̀ láàyè. Ẹlòmíràn tí ìkùukùu náà gbé lọ́jọ́ yẹn kò padà wálé. Àwa tí à ń gbé Port Harcourt, tí a mọ bí ojú ọ̀run ṣe ń dúdú lọ́sàn-án gangan, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa pé òjò kì í ṣe ohun ìṣeré.

Síbẹ̀, Yorùbá kò tìtorí ẹ̀rù má gun ọ̀pẹ. Ọlọ́pẹ ní igbà. Kí ó tó gòkè ni yóò ti yẹ igbà rẹ̀ wò, igbà tó bá ti gbó, kò ní í fi gùn. Bákan náà ni àwọn tó ń fò yìí ṣe ń yẹ okùn wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbé pàráṣúùtì mìíràn dání fún ọjọ́ burúkú, tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn kò fò mọ́ bí afẹ́fẹ́ bá yí padà. Ẹni tó lè gun òkè tán kó tún fẹsẹ̀ rìn padà sísàlẹ̀, òun la lè pè ní ọ̀gá.

Nígbà náà ni ẹnìkan bi wá pé: kí ló dé tí kò fi sí ní Ìdànrè? Ìbéèrè yìí mú wa ronú. Òkè ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi ìsádi ni. Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè títí di àwọn ọdún 1920 kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú tó wà nísàlẹ̀ lónìí. Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ni èèyàn ń gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ náà. Ṣùgbọ́n òkè nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ṣeé sáré wà níbẹ̀, kí pápá gbalasa wà nísàlẹ̀ tí kò ní igi tàbí wáyà iná, kí ilé-ìwòsàn má sì jìnnà. Àpáta tó ga fíofío tí igbó yí ká, ojú nìkan ló ń bá a ṣeré.

Èyí tó wá jẹ wá lógún jù kì í ṣe fífò. Oníṣòwò ni àwọn ará Kwahu. Wọ́n fọ́n ká sí Accra àti Kumasi bí àwọn tiwa ṣe fọ́n ká, ṣùgbọ́n bí Àjíǹde bá dé, gbogbo wọn á padà sílé. Ìpadàbọ̀ yìí ti wà kí ìyẹ́ aṣọ tó dé. Ìyẹ́ aṣọ kàn fún àlejò náà ní ìdí láti tẹ̀lé wọn ni. Àwọn Ìjẹ̀bú ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwa ńkọ́? Púpọ̀ nínú wa, Port Harcourt ni wọ́n bí wa sí, tàbí Aba, tàbí Warri, tàbí Kàdúná. Ìsìnkú àti ìgbéyàwó ló ń gbé wa dé ilé, a ó sùn ọjọ́ méjì, a ó jẹ ìrẹsì, a ó wọ mọ́tò padà. A mọ orúkọ Ìdànrè, a kò mọ̀ ọ́n lójú.

Ẹnìkan tún ní kí a má lọ Gáná, ó ní ṣebí wọ́n lé àwọn bàbá wa níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni àṣẹ jáde tó sọ ọ̀pọ̀ Yorùbá di ẹni tó kẹ́rù kúrò ní Gáná. Òótọ́ sì ni pé ní ọdún 1983, àwa náà lé wọn, títí a fi fi orúkọ wọn pe àpò. Àpò Ghana Must Go yẹn náà la ṣì ń kẹ́rù sí bọ̀ wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra; ilẹ̀ ló há mọ́ wa, àwa la sì há a.

Ohun tí a wá fẹnu kò sí nìyí. A ti bẹ̀rẹ̀ àjọ. Ìdànrè la ó kọ́kọ́ lọ nígbà ìsinmi, ẹsẹ̀ la ó fi gùn ún, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tí kò rí òkè baba rẹ̀ rí lè rí i. Ẹni tí Kwahu bá wù lẹ́yìn náà, kó gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀, kó lọ bá ọ̀gá tó mọṣẹ́, kó sáré, kó má sì jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ kò ì tíì forúkọ sílẹ̀, akápò ń retí yín. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé orí fóònù nìkan la ti máa ń rí òkè.