Wọ́n ní orí ẹ̀ ti dàrú nítorí ajá ìgboro, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá tọrọ ajá ló ń fún

Àwọn àgbà ló sọ pé ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ara ẹ̀ ló fi bọ Ògún. Ẹni tó bá ń gba títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta lójoojúmọ́ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá òwe. Láti Ìyànà Ìpájà títí dé Sángo, òkú ajá kì í wọ́n lẹ́bàá títì. Wọn kì í sì í ṣe ajá inú igbó. Ilé èèyàn ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ẹnì kan ń kó kúrò nílé tó rẹ́ǹtì, ó kó bẹ́ẹ̀dì, ó kó fíríìjì, ó fi ajá sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹlòmíràn ra ọmọ ajá òyìnbó nígbà tí owó wà, nígbà tí nǹkan wá le, ó ní kí dẹ́rẹ́bà lọ já a sílẹ̀ níbi tí kò ti ní í mọ ọ̀nà ilé. Ẹlòmíràn ní abo ajá tó bímọ mẹ́fà, ó kó ọmọ sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó di orí ààtàn. Bí wọ́n bá ti dé ìgboro, òkò làwọn ọmọdé ń sọ lù wọ́n, omi gbígbóná làwọn olóúnjẹ ń dà lé wọn lórí.

Ní àdúgbò kan ní Agége, obìnrin télọ̀ kan wà tí kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó gbójú kúrò. Ìyá Alájá ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan fi ń bú u, òun ń jẹ́ ẹ. Ẹ má rò pé olówó ni o. Opó ni, àwọn ọmọ ẹ̀ ti kúrò nílé, yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé, ẹ̀yìnkùlé ilé náà sì ni àwọn ajá wà.

Abo ajá pupa kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n da omi gbígbóná sí i lẹ́yìn nídìí búkà, ara ẹ̀ bó yànmàkàn, ló bá sá wọ abẹ́ tábìlì tí obìnrin yìí fi ń gé aṣọ, kò sì jáde mọ́. Owó tí obìnrin náà ń tọ́jú láti fi ra máṣíìnì kejì ló gbé lọ bá dókítà ẹran. Nígbà tí àbúrò ẹ̀ gbọ́, ó pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí èèyàn tí ebi ń pa ni?” Ó ní èèyàn wà, àmọ́ èèyàn lè sọ ibi tó ń dun òun.

Látìgbà yẹn ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Kì í lé ajá, kì í sì í tẹjú mọ́ ojú ẹ̀, torí ajá tí èèyàn ti lù rí, ìjà ló máa ń ka ìyẹn sí. Á gbé ẹ̀bà àti orí ẹja sílẹ̀ síbì kan náà, lásìkò kan náà, á kọ ẹ̀yìn sí i. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá kí ajá náà tó sún mọ́ ọn. Ọjọ́ tó bá gbà kó fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n ń gbà lọ. Wọ́n á fún un lóògùn aràn, wọ́n á yọ eégbọn ara ẹ̀, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bó bá jẹ́ abo, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó má bímọ mọ́. Oṣù méjì péré lajá fi ń lóyún, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ bá mi ṣírò iye ọmọ tí ajá kan lè kó sígboro lọ́dún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ti ajá nìkan. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí dìgbòlugi bá mú lágbàáyé, ajá ló kó o ran nǹkan bíi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Bí àìsàn náà bá ti hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń yè é. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kó yáa fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì gba ọsibítù lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má lọ fi àgbo tàbí epo pa á o. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí a bá lè gún méje nínú ajá mẹ́wàá tó wà ládùúgbò lábẹ́rẹ́, àìsàn náà ò ní í rọ́nà tàn kálẹ̀. Pípa ajá nípakúpa kò ṣe é.

Àmọ́ ta ni yóò ṣàlàyé gbogbo ìyẹn fún lánlọ́ọ̀dù? Ọmọ ayálégbé kan rí ajá dúdú tí obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ó figbe ta, ó sáré, ó ṣubú, eyín iwájú ẹ̀ kan kán. Ajá náà ò fara kàn án. Bàbá onílé ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ó ní, “Ìyá télọ̀, ilé ni mo kọ́, mi ò kọ́ ọgbà ẹranko. Mo fún un yín lóṣù kan. Bí oṣù bá pé tájá ṣì kún ẹ̀yìnkùlé mi, ẹ̀yin pẹ̀lú wọn lẹ máa jọ kó jáde.”

Obìnrin náà kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe é lóṣù méjì fún mi.”

“Oṣù kan.”

Ajá mẹ́rin ló wà nílẹ̀: pupa tí wọ́n da omi gbígbóná sí, dúdú tí etí ẹ̀ kan ti gé, àti ọmọ ajá méjì tó rí lórí ààtàn. Ẹlòmíràn ì bá ti ṣí géètì, kó ní kí wọ́n máa lọ. Òun ní rárá. Ó ní kéèyàn gbé ajá kúrò lójú títì, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ tó máa bọ́ sí ni ìdajì tó kù.

Àwọn tó ń tọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹni àkọ́kọ́ ò béèrè orúkọ ajá, ẹ̀yìn dúdú ló fọwọ́ kàn, ó tẹ itan ẹ̀ wò, ó ní èló ni. Obìnrin náà ní òun ò tà á. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé àwọn kan ń jẹ ẹran ajá. Ní Oǹdó, lókìlí ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń tẹ itan ajá wò, ọbẹ̀ ló ń rò.

Ẹnì kejì jẹ́ mẹkáníìkì. Ìyẹn ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ọdún Ògún ti ń bọ̀, ajá làwọn fi ń bọ ọ́, òun fẹ́ ra ọ̀kan. Obìnrin náà gbé omi fún un, ó ní, “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mi ò bá Ògún jà. Àmọ́ ajá tí mo fọwọ́ ara mi wo egbò ẹ̀ sàn, mi ò lè fà á lé yín lọ́wọ́.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mu omi, ó lọ.

Ẹnì kẹta gbé jíìpù wá. Ó múra dáadáa, ó ní òun fẹ́ràn ajá ju ọmọ lọ, ó fi fọ́tò ọgbà ilé ẹ̀ hàn nínú fóònù. Òun ló gbé dúdú lọ.

Ìyá Alájá kì í fún èèyàn ní ajá láìbéèrè nǹkan mẹ́rin: níbo ni yóò máa sùn, ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ bí ẹ bá rìnrìn-àjò, ṣé onílé yín mọ̀, ṣé mo lè wá wò ó nígbà tí mo bá fẹ́. Àwọn èèyàn ń bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, wọ́n ní ṣé ìyàwó làwọn wá fẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń gbé ní Peckham, ní London, ló fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó ní lọ́hùn-ún, wọ́n lè wá wo ilé èèyàn kí wọ́n tó fún un lájá. Àwọn náà ò sì kàn bá a bẹ́ẹ̀. Ọdún 1860 ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Tealby dá ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá tó sọnù sílẹ̀ ní Holloway, àwọn ìwé ìròyìn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 1865 ló kú. Ilé náà kó lọ sí Battersea lọ́dún 1871, ó sì wà níbẹ̀ dòní.

Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ajá bọ́ sọ́wọ́ tísà kan tó ti fẹ̀yìntì. Èkejì bọ́ sí ọgbà àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ọlọ́dẹ ibẹ̀ ló ń jẹun kù sílẹ̀ fún un. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kóṣù pé nígbà tí obìnrin náà lọ wo dúdú nílé oníjíìpù. Ó bá a nínú oòrùn, wọ́n fi ṣéènì tí kò gùn ju apá èèyàn lọ dè é mọ́ òpó, abọ́ omi ẹ̀ ti gbẹ, ọrùn ẹ̀ ti bó.

Ó tú u. Onílé sáré jáde, ó ní ṣé nítorí ajá lásán ni. Obìnrin náà ní, “Ẹ má bínú sà, òun náà ni mo wá mú.” Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé òun àti ajá ẹ̀ délé.

Àwọn kan ní kó fẹjọ́ sun. Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì. Òfin wà, àmọ́ ẹ wo owó tí kò lè ra búrẹ́dì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí mẹkáníìkì ọjọ́sí fi padà wá. Ó ní ọdún Ògún ti kọjá, àwọn ti rajá lọ́jà. Èyí tí òun ń wá báyìí, òun fẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ òun ní ṣọ́ọ̀bù ni, torí ajá tí òun tọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án ti kú, ibẹ̀ sì ti dá páropáro. Àwọn aládùúgbò ní kó má dán an wò. Obìnrin náà rò ó lóru mọ́jú. Oníjíìpù sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún un, irọ́ ni. Ọkùnrin yìí sọ òótọ́ tó mú kó pàdánù ajá lọ́jọ́ kìíní. Ó fà á lé e lọ́wọ́. Ó ń lọ wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan. Inú táyà àlòkù ló ń sùn, lábẹ́ ìbòòrùn, ó ti sanra.

Ọjọ́ tóṣù pé, bàbá onílé jáde wá kà wọ́n. Pupa nìkan ló kù, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ nítorí àpá ẹ̀yìn ẹ̀. Bàbá gba káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀, ó kà á, ó dá a padà. Ó ní, “Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí o,” ó wọlé lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì tán tẹ́nì kan fi gbé páálí sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lóru, ọmọ ajá márùn-ún ń ké nínú ẹ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ á rò pé òun ṣàánú. Tí olówó ajá bá ti gún un lábẹ́rẹ́, tó ṣiṣẹ́ abẹ fún abo ẹ̀, tó sì mú un dání nígbà tó ń kó lọ sílé tuntun, kò ní í sí páálí kankan láti gbé. Télọ̀ kan ò lè ran aṣọ gbogbo ìlú.