Nínú Erékùṣù Àbíjàn, Ànàgó Ni Wọ́n Ń Pè Wá

Bí a bá dárúkọ Àbíjàn, ilé gogoro tó wà ní Plateau ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a fi Plateau sílẹ̀ fún àwọn oníbáńkì. Àárín omi ni mo fẹ́ mú yín lọ, sí erékùṣù Petit-Bassam, níbi tí àdúgbò Treichville, Marcory àti Koumassi wà. Bí Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe jókòó sínú ọ̀sà ni erékùṣù yìí ṣe jókòó sínú ọ̀sà Ébrié. Nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, Plateau ni òyìnbó ń gbé. Treichville ni ti aláwọ̀ dúdú. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí afárá tí à ń pè ní Houphouët-Boigny lónìí, tó so méjèèjì pọ̀.

Ọkọ̀ ilẹ̀ ni mo wọ̀ láti Èkó. Ìrìn náà lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. A la Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá, a sì gba ẹnubodè mẹ́rin. Ohun tí ojú arìnrìn-àjò ń rí ní ẹnubodè, ẹ má wulẹ̀ bi mí, ọjọ́ mìíràn ni ìyẹn. Nínú ọkọ̀ wa, bí ẹnìkan bá ń sọ Faransé tó sì ń fi Yorùbá búra, ọmọ Èjìgbò ni. Ó ṣòro kí a rí agbo ilé kan ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn. Gbogbo Yorùbá pátá ni wọ́n sì ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, orúkọ tí àwa nílé mọ̀ mọ́ àwọn ará Ìpókíá.

Ní Treichville, kí n tó wá ibi tí n ó sùn ni mo ti wá ibi tí n ó jẹun. Garba ni wọ́n gbé fún mi. Attiéké ni, pẹ̀lú ẹja thon díndín tó ń ta ṣáṣá nínú òróró, wọ́n gé ata tútù àti àlùbọ́sà lé e lórí. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba kan láyé Houphouët-Boigny, Dicoh Garba, ni wọ́n fi sọ ọ́. Haúsá láti orílẹ̀-èdè Niger ló sì tà á fún mi. Ẹ wò ó ná: ẹ̀gẹ́ àwọn ará etí ọ̀sà, ẹja òkun, ọwọ́ Haúsá, ẹnu Yorùbá.

Ẹ̀gẹ́ kan náà tí à ń fi ṣe gàrí ni attiéké. Wọn a bó o, wọn a rin ín, wọn a fi ẹ̀gẹ́ tó ti kan tẹ́lẹ̀ sí i kí ó lè tètè kan, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a sẹ́ ẹ. Ibi tí ọ̀nà wa ti pínyà nìyí: àwa a yan tiwa nínú agbada, àwọn a sá tiwọn sóòrùn díẹ̀, wọn a sì fi oru omi gbígbóná sè é. Ó máa ń fúyẹ́ lẹ́nu, ó máa ń kan díẹ̀, kì í sì í di òkìtì sínú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ ṣíṣe attiéké sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá aráyé. Inú mi dùn fún wọn, ó sì tún bí mi. Gàrí wa ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì mo wọ woro-woro, takisí alájọwọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Dioula: ọgbọ̀n-ọgbọ̀n, iye tí wọ́n ń san láyé àtijọ́. Ó gbé mi dé Anoumabo ní Marcory, abúlé àwọn Ébrié tí ìgboro ti gbé mì. Ibẹ̀ ni àwọn Magic System ti wá, àwọn tó kọ "Premier Gaou" lọ́dún 1999, orin tí kò sí ibi ìnáwó tí wọn kì í lù ú nílẹ̀ wa nígbà náà, bí a kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin FEMUA. Ní ọ̀sán, mo jẹ alloco, dòdò wẹ́wẹ́ wọn, àti kedjenou, adìyẹ tí wọ́n dé mọ́nú ìkòkò amọ̀ tí omi ara rẹ̀ fi sè é. Mo gbà fún wọn lórí adìyẹ yẹn. Lórí dòdò, n kò gbà.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Èjìgbò, tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ ní Treichville. Ọmọge ló jẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ mú un dé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Hẹ̀n! Ọmọ wa ni. Ṣé láti ilé lẹ ti ń bọ̀? Ẹ jókòó, ẹ jókòó."

Ó ro àmàlà fún mi. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tí kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, wo àmàlà náà, ó fi Faransé sọ̀rọ̀, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú rẹ̀. "Ó ní attiéké ni òun ń jẹ. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ o. Faransé ni yóò fi dá mi lóhùn."

Nígbà tí ìjà ìbò ọdún 2010 dogun láàrin Gbagbo àti Ouattara, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Èjìgbò. Wọn kò pẹ́ níbẹ̀. "Àwọn ọmọ ń bi mí pé ìgbà wo la ń lọ sílé. Mo ní ilé náà rèé. Níbẹ̀, ará Àbíjàn ni wọ́n ń pè wọ́n; níbí, Ànàgó." Nígbà tí ìbọn dákẹ́ ní ọdún 2011, wọ́n padà. Ó fẹ́ kí ọmọ kékeré yìí wá kàwé ní Èjìgbò. Ìyá ọmọ kò gbà. Mo bi í pé ibo ni òun fúnra rẹ̀ yóò ti fẹ̀yìn tì. Ó ń kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú yìnyín, kò dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, ó di attiéké fún mi, kí n gbé e fún àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Èjìgbò, ẹni tó ti bá a gbé ní Treichville rí. Mo gbé e gba ẹnubodè mẹ́rin padà. Nígbà tí mo fi dé Èjìgbò, ó ti kan kọjá bó ti yẹ. Ojú tì mí láti gbé e kalẹ̀. Àbúrò ìyá náà tú ìdì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ ra ẹja wá, ó sì jẹ ẹ́ tán níṣojú mi.