Ibi tí páìpù ti fẹ̀

Àwa mẹ́ta la jọ ṣe é o, ẹ má dá ẹnì kan lẹ́bi. Ní láàbù, omi ń sáré mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú páìpù 25 mm, ó wá já sínú 50 mm. Wọ́n ti sọ fún wa pé pressure máa ń sọnù níbẹ̀, síbẹ̀ omi inú túùbù ẹ̀yìn ga ju ti iwájú lọ ní 7.5 cm. A bá pààrọ̀ nọ́ńbà méjèèjì.

Olùkọ́ wa kàn béèrè pé, “Ṣé ojú yín ló rí èyí, àbí ẹ rò ó ni?”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la tó ṣírò ó. Bí omi bá dẹwọ́ eré, pressure á gòkè. 19 cm ló yẹ kó fi gòkè. 11.5 tó dín ló sọnù sínú omi tó ń pòòyì, iye tí (V1 − V2)²/2g ti Borda àti Carnot náà sì fún wa nìyẹn. A ti fi bírò pa èyí tó tọ̀nà rẹ́.