Ọwọ́ Òsì Mi

Bí mo bá kọjú sí pátákó ìkọ̀wé ní ọjọ́ kìíní sáà tuntun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa wo ara wọn lójú. Ẹni tí yóò kọ́ wọn ní àṣà Yorùbá, tí yóò ṣàlàyé bí a ti ń kí àgbà àti bí a ti ń fi nǹkan lé àgbà lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ni ó fi mú ṣọ́ọ̀kì!

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Bí a bá kó ènìyàn mẹ́wàá jọ níbikíbi láyé, ó ṣeé ṣe kí a rí ẹnì kan bí èmi láàárín wọn, nítorí náà n kò lè pe ara mi ní àràmàǹdà. Ohun tí ó ṣàjèjì nínú ọ̀rọ̀ tèmi ni pé ọwọ́ mi méjèèjì dà bí ọmọ ìyá tí a tọ́ ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń bọ ènìyàn lọ́wọ́, òun ni mo fi ń sanwó fún ọlọ́jà. Òsì ni mo fi ń ju òkò, òun ni mo fi ń bẹ iṣu. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ráyè ṣọ́ nígbà èwe mi ni wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ òsì. Ìwé kíkọ nìkan ni ó gbà padà.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ní ọdún 1970. Ẹni tí ó bá mọ̀ wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í ya 'ṣ' sọ́tọ̀ kúrò lára 's' lẹ́nu. Nígbà tí ìyá bàbá mi bá ní, "Fi ọwọ́ òsì sílẹ̀," ohun tí etí mi ń gbọ́ ni òṣì, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Títí mo fi mọ̀wé kà, mo gbà pé ẹni tí ó bá ń lo ọwọ́ yẹn ń fa òṣì wọ ilé bàbá rẹ̀ ni. (Èdè ni mo fi ń jẹun lónìí, bóyá ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.)

Ìyá àgbà kò kórìíra mi o. Ó ya etí ìró ògbólógbòó kan, òun ni ó fi ń so ọwọ́ òsì mi mọ́ ìbàdí nígbà oúnjẹ. Bí mo bá jẹ àmàlà mi tán láìda ọbẹ̀ sára, a tú mi sílẹ̀, a sì mú ẹran láti inú àwo tirẹ̀ fún mi. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni òwe rẹ̀. Olùkọ́ mi ní iléèwé kò ní òwe, kò sì ní ẹran. Etí rúlà ni ó fi ń gbá oríkèé ìka mi.

Mo kọ́ bí a ti ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ṣùgbọ́n bí arọ ni ọwọ́ náà ń rìn lórí ìwé. Ohun tí mo mọ̀ á ti dé, á máa dúró de ọwọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní olódo. Ní ọdún 1981 ni mo ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ní iléèwé tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Nígbà tí àkókò dé ìdajì, n kò tíì ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ náà. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo gbé bíírò sí òsì. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu rárá; ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi igi kọ̀wé sórí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí mo sì ń fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́. Alámòójútó ìdánwò wá dúró tì mí. Ọwọ́ mi gbọ̀n, àyà mi já. Ó wò mí díẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Mo yege. Bàbá mi yọ̀ títí, ó ní èrè rúlà ni a ń rí yẹn. N kò tako ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún 2004 ni ó kú, n kò sì sọ fún un rí.

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1998, mo jókòó ti bàbá babaláwo kan ní Ọ̀yọ́. Ó kó ikin 16 sí ọwọ́ òsì, ó fi ọ̀tún já wọn gbà. Bí ó bá ku ẹyọ kan, a tẹ méjì sí ojú ọpọ́n. Bí ó bá ku méjì, a tẹ ẹyọ kan. Ó rí i pé òsì ni mo fi ń kọ ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èyí tí ọ̀tún kó lọ kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Èyí tí ó kù sí òsì ni Ifá fi ń fọhùn." Mo ti ka nípa ikin dídá láìmọye ìgbà, n kò sì rí ọwọ́ òsì níbẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i káàkiri. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé Òsì Ìwẹ̀fà ni ó kéré jù nínú àwọn olórí ìwẹ̀fà mẹ́ta tí ó wà láàfin Ọ̀yọ́, síbẹ̀ òun ni ó ń dúró fún Aláàfin fúnra rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọnà àwọn Ògbóni, ẹ̀ṣẹ́ òsì ni a ń gbé lé orí ti ọ̀tún. Ní Ìbàdàn tiwa pàápàá, ta ni yóò fi Òsì Olúbàdàn jẹ, tí yóò ní òun kò jẹ ẹ́? N kò sọ pé àwọn àgbà kò kórìíra òsì nídìí oúnjẹ. Òun ni a fi ń ṣan ìdí, ìdí ọ̀rọ̀ sì yé mi. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi lé àwa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n gbàgbé láti fi ọlá rẹ̀ kún un.

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀ bí ó bá ṣe pé ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn ni mo ń rò. Ní ọdún 2006, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbé omi wá fún mi níwájú àlejò. Ọwọ́ òsì ni ó fi gbé e. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti gbá ọwọ́ náà. Ife bọ́, ó fọ́. Mo ti gboyè ọ̀mọ̀wé tán nígbà náà o. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ikin àti Òsì Ìwẹ̀fà yìí ni mo ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ náà kò sunkún, kò sì wo ojú mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ìtàn yàrá ìdánwò fún un. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ ọ.

"Ṣé Bàbá Àgbà mọ̀?"

Mo ní rárá.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Nígbà tí ìyá mi pé ọgọ́rin ọdún, òun ni a fi sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé, kí ó máa kọ orúkọ àwọn tí ó mú ẹ̀bùn wá. Ó ń fi ìkúnlẹ̀ kí wọn, ó ń fi ọ̀tún gba ẹ̀bùn, ó ń fi òsì kọ orúkọ, kò sì gbé bíírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi wò ó láti orí àga rẹ̀ títí. Ó ní ọmọ náà mà yára o.