Mí Lẹ́ẹ̀mẹta Kí O Tó Sọ̀rọ̀

Bordeaux, ilẹ̀ Faransé
14 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó rẹ pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Jọ̀wọ́, má bá a jà. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ó ní ọmọṣẹ́ rẹ ń lọ léèsì oníbàárà, áyọ́ọ̀nù jó o, o sì gbá ọmọ náà létí lójú gbogbo ènìyàn, ló bá kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹni kẹta rèé láàárín ọdún kan. O ní bí ọ̀gá kò bá le, àwọn ọmọ kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ̀wé.

Lóṣù tó kọjá, mo wọ rélùwéè dé Sainte-Foy-la-Grande, mo sì lo ọjọ́ mẹ́rin ní Plum Village, ibùdó ẹlẹ́sìn Buddha tí Thich Nhat Hanh, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Vietnam, dá sílẹ̀ lọ́dún 1982. Má fòyà, mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó ní kí n fi í sílẹ̀. Níbẹ̀, bí agogo bá ti dún, ẹni tó ń gé ẹ̀fọ́ á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́. Wọn á mí sínú, wọn á mí síta, lẹ́ẹ̀mẹta, kí iṣẹ́ tó tẹ̀síwájú. Bí fóònù bá dún pàápàá, wọn á kọ́kọ́ mí kí wọ́n tó gbé e. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sú mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, oorun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo sùn.

Má sọ pé ẹni tí kò rógun ló ń sọ pé ká mí. Ojú Thich Nhat Hanh rí ogun Vietnam. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ ń tún abúlé tí bọ́ǹbù bàjẹ́ kọ́. Lọ́dún 1966 ó lọ sí Amẹ́ríkà láti bẹ̀bẹ̀ pé kí ogun dáwọ́ dúró, kò sì rí ilé padà sí títí di 2005. Kò ní ìbọn, kò ní ipò, síbẹ̀ Martin Luther King fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní 1967. Agbára nìyẹn.

Àlùfáà náà ní kí a ṣe ìbínú bí ìyá ṣe ń ṣe ọmọ tó ń ké: kò ní lù ú, kò ní sá fún un, á gbé e mọ́ra títí yóò fi dákẹ́, á wá wo ohun tó ń ṣe é. Kí ló ń ṣe ìbínú tìrẹ? Owó ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n rántí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Igi ìwọnṣọ ló fi ń nà ọ́, èmi ni mo ń fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn rẹ lálẹ́. Ṣé o bọ̀wọ̀ fún un nígbà yẹn? O kórìíra rẹ̀ ni.

Jẹ́ kí iná tó ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù di agogo rẹ. Bó bá ti lọ, gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, mí lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Bí ọmọṣẹ́ bá ba aṣọ jẹ́, tí mímí náà kò sì tó, sọ fún un pé inú ń bí ọ, pé ẹ óò sọ ọ́ lọ́la.

Mo ti fi owó léèsì náà ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ sílé ìyá ọmọ náà, kí o bẹ̀ wọ́n, kí o mú un padà wá. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kó ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Ìbejì